Iṣẹ́ Tí Òróòro Ń Jẹ́ fún Ìfun Ọmọ Ẹran

Kò sí ẹni tó ti pa adìyẹ rí tí kò mọ òróòro. Bí wọ́n bá ti tu ìyẹ́ tán, tí wọ́n la ikùn, ẹ̀dọ̀ lọwọ́ kọ́kọ́ ń wá, ara ẹ̀dọ̀ náà sì ni àpò kékeré kan lẹ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ṣú, ó tutù, ó ń yọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í sáré fi ọbẹ kàn án. Á fi ìka méjì di ìdí rẹ̀ mú, á gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ mọ́ ọn, á rọra gbé e sọnù. Bó bá bẹ́, ibi tó bá ṣàn dé korò nìyẹn, omi tí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́ kì í sì í tó. Bẹ́ẹ̀ làwọn alápatà ń ṣe sí ti màlúù náà, àfi bí ọwọ́ bá bà á tó le gbandi, nítorí òkúta inú òróòro màlúù lówó lórí. Àwọn oníṣòwò ń rà á fún oògùn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà.

Àpò tí ọwọ́ ń yára jù nù yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa òróòro kò ju ọ̀rọ̀ ọ̀rá lọ. Ẹ̀dọ̀ ń sun ún, àpò rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá sì ti dénú, àpò náà á fún pọ̀, òróòro á ṣàn wọnú ìfun kékeré, á fọ́ ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́ kó lè dà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Lára ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, tí ìfun rẹ̀ kò tíì gbó, òróòro tún ń jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ó ń gbé àwọn èròjà tó ń sọ fún ìfun pé kó dàgbà, ibi tó yẹ kó ga kó ga, ibi tó bó kó hu awọ tuntun. Ìfun ọmọ ẹran kì í kàn dàgbà nítorí pé ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ohun tó ń ṣàn kọjá nínú rẹ̀ ló ń kọ́ ọ.

Inú ìfun kékeré kò tẹ́ rárá. Àwọn ìka tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí dáadáa ló hù bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí òwú ojú táwẹ̀lì, ara wọn sì ni oúnjẹ tó ti dà ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ga, àyè tí oúnjẹ ń gbà wọlé á pọ̀. Bí wọ́n bá kúrú, ẹran lè máa jẹun kó má sì sanra. Lára èkúté, àwọn ìka ìfun yìí ga jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, nítòsí ibi tí òróòro àti omi tó ń ti páńkíríásì wá ti ń ya wọlé. Bí ìfun ṣe ń sún lọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kúrú sí i. Onímọ̀ kan, G. G. Altmann, fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ṣé ibi tí ìka wà ló ń pinnu bó ṣe máa ga tó ni, àbí ohun tó ń ṣàn lé e lórí? Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn èkúté, ó yí ẹnu ọ̀nà òróòro àti ti páńkíríásì kúrò lókè, ó darí wọn sí apá ìsàlẹ̀ ìfun. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1971: àwọn ìka ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti kúrú látayébáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ibi tí wọ́n wà kò yí padà. Omi tó ń kàn wọ́n ló yí padà.

Èkúté gan-an kò ní àpò òróòro. Ẹṣin kò ní in, ẹyẹlé náà kò ní in. Ẹ̀dọ̀ wọn ń sun òróòro bí ti ẹran yòókù, kò kàn sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí ni. Tààrà ló ń ṣàn wọnú ìfun, tọ̀sán-tòru.

Kí ló wà nínú òróòro tó lè mú ìfun dàgbà? Láti dáhùn, ó yẹ ká kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Stanley Cohen kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òróòro ni òun ń wá. Ní nǹkan bí ọdún 1953 ni ó dé yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, láti bá Rita Levi-Montalcini, obìnrin onímọ̀ ọmọ Ítálì, ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni èròjà tó ń mú iṣan ìmọ̀lára hù. Wọ́n rí i pé ó pọ̀ nínú kókó tó ń sun itọ́ lábẹ́ àgbọ̀n akọ èkúté ilé. Cohen wá kíyè sí ohun kan tí kò sí nínú ètò wọn. Àwọn ọmọ èkúté tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ omi kókó itọ́ yìí lajú ní nǹkan bí ọjọ́ 7, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó ọjọ́ 13 tàbí 14 kí ọmọ èkúté tó lajú. Ehín wọn náà tètè yọ. Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì gbàgbé rẹ̀, nítorí kò kan iṣan ìmọ̀lára. Cohen dúró lé e lórí. Nígbà tó ti kó lọ sí yunifásítì Vanderbilt ní Nashville, ó yọ èròjà náà jáde ní mímọ́, ó sì kéde rẹ̀ ní 1962. EGF ni wọ́n wá ń pè é, purotéènì kékeré tó ní ámínò ásíìdì 53 péré, tó ń pàṣẹ fún awọ ara àti awọ inú ìfun pé kí sẹ́ẹ̀lì wọn máa pín, kí wọ́n máa pọ̀. Ní 1986, òun àti Levi-Montalcini jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni Harry Gregory gbà débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ohun kan wà nínú ìtọ̀ èèyàn tó ń dín ásíìdì ikùn kù, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní urogastrone. Nígbà tí Gregory to ámínò ásíìdì rẹ̀ tán ní 1975, ó hàn gbangba pé EGF ti èèyàn ni. Itọ́ èkúté àti ìtọ̀ èèyàn, irú èròjà kan náà! Agbára rẹ̀ sì kọjá inú ikùn: ní Ọsirélíà, wọ́n ti gún un fún àgùntàn rí kí irun rẹ̀ lè já fúnra rẹ̀ nídìí, kí wọ́n má baà fi àlùmọ́gàjí rẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí EGF níbi gbogbo tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ó wà nínú itọ́, ó wà nínú omi tí àwọn kókó inú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ń sun, ó wà nínú omi páńkíríásì, ó wà nínú omi ọyàn ìyá, ó sì wà nínú òróòro. Bó ṣe ń dé inú òróòro ló gbàfiyèsí jù. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1983, àwọn olùwádìí fi EGF tí wọ́n sàmì sí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀ èkúté. Ẹ̀dọ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ó fọ́ apá ńlá rẹ̀ túútúú, ṣùgbọ́n ó dá díẹ̀ sí, ó sì tú u sínú òróòro láìbàjẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé èròjà tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ tún lè padà sínú ìfun, kó bà lé àwọn ìka ìfun lórí láti òkè wá. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ parí sí. Ibi tí wọ́n ti ń dá a padà ni.

EGF kò dá nìkan ṣiṣẹ́. IGF-I wà pẹ̀lú rẹ̀, purotéènì tó ní ámínò ásíìdì 70, tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó lára èèyàn ni wọ́n ṣe tò ó lára màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Èyí wà lára ìdí tí ohun tí wọ́n bá rí lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ fi máa ń wúlò fáwọn dókítà ọmọ wẹ́wẹ́.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé bóyá èròjà kíún yìí já mọ́ nǹkan, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1995. Àwọn olùwádìí mélòó kan, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí èkúté ilé tí wọ́n ti mú ibi tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba iṣẹ́ EGF kúrò lára wọn. EGF wà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó lè balẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ èkúté náà kú sínú oyún. Àwọn tó wáyé kò pẹ́ láyé. Awọ ìfun wọn rí bí èyí tí wọn kò parí: àwọn ìka inú rẹ̀ kéré, wọn kò sì lágbára.

Èyí tó sún mọ́ àwọn olùsìn ẹran jù ni iṣẹ́ Elsie Widdowson. Ará Ìlú Ọba ni, òun àti Robert McCance ló kọ ìwé ńlá nípa èròjà inú oúnjẹ tó jáde ní 1940, tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ṣì ń tún tẹ̀ títí dòní. Ní 1976, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tuntun yẹ̀ wò. Wọ́n wo ìfun àwọn kan ní gẹ́rẹ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan mu ọmú ìyá wọn fún wákàtí 24, wọ́n sì fún àwọn kan ní omi nìkan fún iye wákàtí kan náà. Ìfun àwọn tó mu ọmú wúwo fíìfíì ju ti àwọn yòókù lọ. Ọjọ́ kan péré! Kò sí apá ara mìíràn tí irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò náà.

Kí ló wà nínú wàrà àkọ́kọ́ yẹn tí kò sí nínú omi? Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ń gbógun ti àrùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ẹlẹ́dẹ̀, màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn kì í rí i gbà láti inú ibi ọmọ, ẹnu ọmú ni gbogbo rẹ̀ wà, ìfun ọmọ sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n èròjà amúdàgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. IGF-I inú wàrà àkọ́kọ́ màlúù pọ̀ lọ́nà tó ga ju ti wàrà tó ń tẹ̀lé e lọ, ó sì ń fò ṣánlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹran ń sọ pé kí ọmọ màlúù mu tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá bí i. Ọmọ tó wúwo tó kílò 30, lítà 3 nìyẹn. Òwò wàrà àti wàràǹkàṣì tí àwọn Fúlàní ń ṣe láti Òkè-Ògùn títí wọ ilẹ̀ Benin kò ṣeé ya kúrò lára ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn darandaran máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu kan ọmú kí wàrà lè sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó so ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa fún wàrà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó jẹ wọ́n lógún ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kò yọ èèyàn sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan àwọn àdúgbò kan nílẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ìyá àgbà ti máa ń ní kí ìyá ìkókó fún omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n rúsúrúsú yẹn dànù, pé ó dọ̀tí. Graham Carpenter, tó ṣiṣẹ́ ní Vanderbilt, fi hàn ní 1980 pé EGF wà lára ohun pàtàkì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà nínú omi ọyàn èèyàn. Èyí tí wọ́n ń dà nù yẹn gan-an ló sì kún fún un jù.

Ìbéèrè kan wà tí olùgbọ́ tó bá fetí sílẹ̀ máa béèrè. Purotéènì ni EGF, purotéènì sì ni ẹran tí a ń jẹ. Kí ló dé tí ikùn kò fi dà á bí ó ṣe ń da ẹran? Ikùn ọmọ tuntun kò tíì le tó ti àgbà. Ásíìdì rẹ̀ kéré, èròjà tó ń gé purotéènì kò tíì pọ̀ níbẹ̀, wàrà fúnra rẹ̀ sì ní àwọn purotéènì tó ń dáàbò bo àwọn èròjà yìí. Fún ìgbà kúkúrú yẹn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Òróòro ní àǹfààní tirẹ̀ lórí wàrà: kì í gba inú ikùn kọjá rárá. Lẹ́yìn ikùn ló ti ń wọlé, ásíìdì kò sì rí i mú.

Títí di àwọn ọdún 1990, èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àwọn èròjà amúdàgbà nìkan ni òróòro ń gbé, pé ásíìdì òróòro, ìyẹn ohun tó ń fọ́ ọ̀rá, kò ju ọṣẹ lásán lọ. Èrò náà ti yí padà. Wọ́n ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì ìfun àti ti ẹ̀dọ̀ ní ibi tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ásíìdì òróòro dé. FXR ni wọ́n ń pe ọ̀kan, TGR5 sì ni èkejì. Bí ásíìdì òróòro bá kan FXR ní ìsàlẹ̀ ìfun, ìfun á tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní FGF19 sínú ẹ̀jẹ̀, á lọ bá ẹ̀dọ̀, á ní kó dín òróòro tó ń pèsè kù. Bó bá kan TGR5, sẹ́ẹ̀lì ìfun kan á tú GLP-2 jáde. GLP-2 sì ni Daniel Drucker àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto fi hàn ní 1996 pé ó ń mú ìfun dàgbà. Oògùn tí wọ́n ṣe ní àfiwé rẹ̀, teduglutide, gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ní 2012 fún àwọn tí wọ́n ti gé ìfun wọn kúrú jù.

Ibi tí gbogbo okùn yìí ti pàdé ni Houston, ní Texas, lọ́dọ̀ Douglas Burrin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń tọ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tuntun pẹ̀lú oúnjẹ olómi tó ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ èèyàn tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọmọ náà ń rí gbogbo oúnjẹ tó nílò, síbẹ̀ ìfun rẹ̀ ń rọ, ìka inú rẹ̀ ń kúrú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń bàjẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń kọjá nínú ìfun. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2012, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì òróòro sínú ìfun irú àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí oúnjẹ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ìfun wọn dára sí i, ẹ̀dọ̀ wọn náà sàn. Ohun tí àwọn alápatà ń jù nù ló ṣe iṣẹ́ tí oúnjẹ inú iṣan kò lè ṣe.

Kò wá túmọ̀ sí pé bí òróòro bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Àrùn kan wà tí ń pa ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, nínú èyí tí ara ìfun ń kú tó sì ń jẹrà. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Arizona fi hàn lára ọmọ èkúté pé ásíìdì òróòro tó kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ìfun tí kò tíì gbó wà lára ohun tó ń ba ìfun náà jẹ́. Ìwádìí ti fi hàn pẹ̀lú pé EGF tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ èkúté dín àrùn yìí kù. Nítorí náà, inú omi kan náà ni ohun tó ń kọ́ ìfun àti ohun tó lè bà á jẹ́ ń gbé, ọjọ́ orí ìfun ló ń pinnu èyí tó máa borí. Ní Copenhagen, Per Sangild ti fi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tètè gbé jáde kúrò nínú ìyá wọn ṣe irú ìwádìí yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn tí wọ́n fún ní wàrà àgò ń kó àrùn náà ju àwọn tó mu wàrà àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí òróòro kì í dé ìfun wọn rárá, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ dí láti ìbí. Ìgbẹ́ wọn á funfun bí ẹfun, ojú wọn á pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njúpọ́njú. Morio Kasai ní Japan ló ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń là á, èyí tó kéde ní 1959, ó sì máa ń gbè jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù méjì. Ní Taiwan, láti 2004, wọ́n ń fún gbogbo ìyá ìkókó ní káàdì tí wọ́n ya àwọ̀ ìgbẹ́ sí kí wọ́n lè fi wo ti ọmọ wọn. Ìyá tó bá rí ìgbẹ́ funfun nínú ìtẹ́dìí ọmọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe àgbo.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí ọgbà ẹran. Bí abo ẹlẹ́dẹ̀ bá wà nínú igbó tàbí ní gbangba, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 10 sí 17. Nínú ọgbà, ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 ni wọ́n ń gbà á lójijì. Ìyá lọ, ọmú lọ, EGF àti IGF-I inú wàrà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àgbàdo àti sóyà dé. D. J. Hampson wọ̀n ọ́n ní 1986: láàárín wákàtí 24 tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó pé ọjọ́ 21, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ìka ìfun rẹ̀ ti lọ. Àkókò yẹn ni ìgbẹ́ gbuuru ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ántíbáyọ́tíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ni wọ́n fi ń bo ìṣòro náà mọ́lẹ̀. Yúróòpù fòfin de lílo rẹ̀ láti fi mú ẹran dàgbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2006, àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ sì sá lọ bá síńkì. Ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n fòfin de lílo síńkì tó pọ̀ bí oògùn náà. Òfin wọn sọ pé kí wọ́n má gba ọmú lẹ́nu ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 28, àfi níbi díẹ̀. Ó ṣe kedere pé ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́nu ọmú ń ṣe iṣẹ́ tí oògùn inú àpò oúnjẹ kò lè ṣe pẹ́ títí, ó sì yẹ kí àwọn tó ń sìn ẹlẹ́dẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí púpọ̀ nínú wọn ṣì ń ra ántíbáyọ́tíìkì lórí àtẹ láìsí ìwé dókítà ẹran, kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ ọmú kí wọ́n tó ka iye oògùn.

Ẹyẹ kì í fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n ẹyẹlé ti rí ọgbọ́n tirẹ̀ dá. Akọ àti abo rẹ̀ ni àpò oúnjẹ abẹ́ ọrùn wọn ń nípọn tí ọmọ bá ti fẹ́ jáde, tí ara inú rẹ̀ á sì máa ṣí bí wàràǹkàṣì rírọ̀. Òun ni wọ́n ń pọ̀ sí ọmọ lẹ́nu ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Họ́mọ̀nù tó ń darí rẹ̀, prolactin, ni Oscar Riddle sọ lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, họ́mọ̀nù kan náà tó ń mú ọmú obìnrin sun.

Ti adìyẹ yàtọ̀ pátápátá, òwò ńlá sì ni ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn. Òròmọdìyẹ ń lo ọjọ́ 21 nínú ẹyin. Kó tó jáde, ó ti fa ìyókù pupa ẹyin wọnú ikùn ara rẹ̀, oúnjẹ tó lè gbé e fún ọjọ́ mélòó kan. Orí èyí ni gbogbo òwò fífi òròmọdìyẹ ránṣẹ́ dúró: wọ́n ń kó wọn sínú páálí ní Ìbàdàn, wọ́n ń kó wọn lọ sí òkè ọya, wọ́n sì lè lo ọjọ́ méjì lọ́nà láìjẹ láìmu kí wọ́n má kú. Kí wọ́n má kú yàtọ̀ sí kí ìfun wọn dàgbà. Yael Noy àti David Sklan, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Rehovot ní Ísírẹ́lì, tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1990. Ìfun òròmọdìyẹ ń yára dàgbà ju ara rẹ̀ yòókù lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oúnjẹ tó bá sì tètè kan ìfun ló ń mú kó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé òròmọdìyẹ tó ti jẹun ń lo pupa ẹyin inú rẹ̀ tán kíákíá ju èyí tí ebi ń pa lọ. Òróòro rẹ̀ náà ṣì kéré ní àkókò yìí. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ẹran tó ń dì kì í fi í dà nínú rẹ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí òróró sóyà sì ń ṣe é láǹfààní jù; ẹni tó ń po oúnjẹ òròmọdìyẹ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Zehava Uni ní Ísírẹ́lì àti Peter Ferket ní North Carolina gbé e lọ síwájú sí i. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 2003 lórí bí wọ́n ṣe lè gún oúnjẹ olómi wọnú ẹyin kí òròmọdìyẹ tó jáde. Ní Netherlands, àwọn háṣárì kan ti ń gbé oúnjẹ àti omi sínú ẹ̀rọ tí ẹyin ń pa sí, àwọn àgbẹ̀ kan sì ń gba ẹyin lọ sí ọgbà kó lọ pa síbẹ̀, kí ọmọ lè jẹun ní wákàtí tó jáde.

Owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ tó ní adìyẹ 500 ní Àkàǹrán tàbí ní Ìlaròó lè kó kalẹ̀. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni alẹ́ tí páálí dé. Kó ti mú ilé gbóná kí wọ́n tó já wọn, kó ti gbé omi síta, kó da oúnjẹ sórí bébà nílẹ̀ káàkiri dípò kó dúró de agbada oúnjẹ, kó sì jẹ́ kí iná tàn mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, kó mú bí ọgbọ̀n nínú wọn láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ilé náà, kó fi ìka rọra tẹ abẹ́ ọrùn wọn. Àpò tó kún, tó rọ̀, òròmọdìyẹ yẹn ti jẹ, ó sì ti mu. Èyí tó le gbandi ti rí oúnjẹ, kò rí omi. Èyí tó pẹlẹbẹ kò tíì rí nǹkan kan. Lẹ́yìn wákàtí 24, ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni àpò wọn kún; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbóná ilé ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kó wo bí ibi omi ṣe jìnnà sí wọn tó.